Ìjókòó Ọkọ̀ Yìnyín

Ohun àkọ́kọ́ tó yé mi délẹ̀ ní ìlú yìí ni ìró òòlù. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wa ní girama ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń sọ nínú bọ́ọ̀sì ní Barking, ní London níbí. Tibí yìí yára, wọ́n sì máa ń gbé ìdajì rẹ̀ mì. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń mi orí, n kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé kan tí mò ń fọ abọ́, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ìṣó kéékèèké ní ẹ̀yìn ilé kejì, mo sì mọ ohun tó ń ṣe láì rí i. Ó ń na ọ̀já sídìí àga. Mo tún mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ń lu ìṣó bí ẹni ń pa ejò.

Títí di ọjọ́ náà, ńṣe ni mo kàn ń gbé àdúgbò Upney bí ẹni tó wọ ilé onílé. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo kí obìnrin kan tó ń gbá iwájú ilé rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Mo tún kí i lọ́jọ́ kejì, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn ilé àdúgbò wa so mọ́ra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé òpin. Ògiri kan náà ni èmi àti aládùúgbò jọ ń lò, síbẹ̀ n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ibi iṣẹ́ mi ni ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan. Èmi ni mò ń fọ aṣọ níbẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá ńlá ń pariwo nínú yàrá náà, kò sí ẹni tó lè bá mi sọ̀rọ̀ kó gbọ́ èsì, èyí kò sì dùn mí, torí n kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé ló máa ń nira. Ọmọ mi obìnrin ti lọ sí yunifásítì ní ìlú mìíràn. Tí mo bá gbé kẹ́tùlù kaná, ìró rẹ̀ nìkan ni mo máa ń gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń pè láti ilé ní ọjọ́ Àìkú.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"

"Iṣẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Irú iṣẹ́ wo?"

"Iṣẹ́ ni, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́."

Á ní ká dúpẹ́ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo gbọ́ òòlù yẹn, mo gbé aṣọ tí mo fẹ́ sá jáde, mo lọ síbi ọgbà, mo sì yọjú. Ọkùnrin kan tó ti hu ewú ló wà nínú gáréèjì, ìṣó lẹ́nu rẹ̀, òòlù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má lù ú tó bẹ́ẹ̀," mo ní. "Igi náà máa là."

Ó yọ ìṣó kúrò lẹ́nu. "Ó ti là," ó fèsì. "Ẹ wá wò ó."

Orúkọ rẹ̀ ni Jonas. Lithuania ló ti wá, ó sì ti pẹ́ níbí jù mí lọ. Káfíńtà ni, ó máa ń kan kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná fún àwọn èèyàn káàkiri Barking àti Dagenham. Mísítà Jonas ni mò ń pè é. Ó ní kí n yé é fi mísítà sí i. Mo ní ó ti tó ẹ̀gbọ́n mi àgbà, n kò lè la orúkọ mọ́ ọn lórí. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà lórí igi ìdúró méjì nínú gáréèjì rẹ̀ kò jọ ohun tí mo rí rí. Ọkọ̀ ni, àmọ́ kò ní táyà. Igi gbọọrọ méjì ló jókòó lé, wọ́n fi irin bọ abẹ́ wọn, iwájú wọn sì ká sókè bí ìwo àgbò. Ara rẹ̀ jẹ́ igi tí wọ́n tẹ̀ bí ìkòkò tí wọ́n là sí méjì, ó ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún.

"Báwo ló ṣe ń rìn?"

"Lórí yìnyín. Ẹṣin ló ń fà á."

"Ní Upney?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó wá ṣàlàyé. Bàbá ìyá rẹ̀ ló kan ọkọ̀ náà. Inú rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ jókòó sí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tì í sínú abà, adìyẹ sì ń yé sínú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń dáko nílé ló fi ránṣẹ́ sí i pé kó bá wọn tún un ṣe. Ìyá wọn ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ó sì ti ń sọ ọ́ pé tí yìnyín bá bọ́ ní Kérésì, ọkọ̀ bàbá òun lòun máa gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ará ìlú rẹ̀ kan tó ní ọkọ̀ akẹ́rù ń lọ sílé kí Kérésì tó dé, ó ti gbà láti bá a gbé e.

"Mo ti ṣe igi, mo ti ṣe irin," ó ní. "Ìjókòó nìkan ló kù, mi ò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Mo kọ́ ọ."

"Ẹ bá mi ṣe é."

"Mi ò lè ṣe é, sà. Wọn ò tíì fún mi ní fíríìdọ̀mù."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí mọ ohun tí mò ń sọ. Òun kò mọ̀ ọ́n, mo sì ní láti là á yé e. Nílé, ọjọ́ tí èèyàn bá mọ iṣẹ́ kọ́ ni iṣẹ́ di tirẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá pe ẹbí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́ jọ ni, tí ọmọ iṣẹ́ kúnlẹ̀, tí ọ̀gá gbàdúrà lé e lórí pé kó máa lọ ṣe é. Ẹni tó bá lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù láìṣe ìyẹn, wọ́n á ní ó jí iṣẹ́ gbé ni. Èmi kọ́ iṣẹ́ àga kúṣìn lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò wa ń pè ní Bàbá Oníkúṣìn. Ó ti kù díẹ̀ ká dá ọjọ́ nígbà tí àìsàn dá bàbá mi dúbúlẹ̀ ní Èkó. Mo lọ tọ́jú rẹ̀, ó kú. Mo bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ta aṣọ, mo lọ́kọ, mo bímọ, ọkọ mi náà kú. Ayé ń gbé mi lọ. N kò tún kan ìṣó kankan sí àga ẹnikẹ́ni.

Mísítà Jonas gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, "Ọ̀gá yín ṣì wà láyé?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Ẹ lọ mọ̀ ọ́n," ó ní.

Ìyá Tóbi ni ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́. Òun ló máa ń ká aṣọ tí mo bá fọ̀, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, ẹnu rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ju ẹ̀rọ lọ. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ju bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì sílẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o serious? Ta ló fẹ́ wá bi ọ́ ní fíríìdọ̀mù ní Barking? Ṣé ẹgbẹ́ àwọn oníkúṣìn máa wọ bààlúù wá mú ẹ ni?"

"Kò sí ẹni tó máa mú mi."

"Kí ló wá dé?"

Mo rò ó bí mo ṣe ń rìn lọ sílé láti ibùdókọ̀. Nílùú yìí, èèyàn lè di ohunkóhun lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti pè mí ní nọ́ọ̀sì rí nítorí aṣọ iṣẹ́ tí mo wọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà tí mo lè ṣe bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é, ọkùnrin kan ṣoṣo ló sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Tí mo bá fi ìyẹn náà sílẹ̀ nítorí pé ibí jìnnà, kò ní sí ohun tí mo lè pè ní tèmi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi wá nọ́ńbà ọ̀gá mi. Bísí, ọmọbìnrin rẹ̀, ló gbé fóònù náà, ó sì gbé e sétí bàbá rẹ̀.

"Ta ni?"

"Èmi ni, ọ̀gá. Ẹni tí ẹ máa ń pè ní Pẹ̀lẹ́."

"Pẹ̀lẹ́ tó máa ń lu ìṣó bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́?"

"Èmi náà ni, sà." Mo ti kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì láìmọ̀.

"O wà láyé! Níbo lo wà?"

"London, sà."

"Wọ́n ń jókòó lórí àga níbẹ̀?"

"Wọ́n ń jókòó, sà."

"Kí ló wá pa ọ́ lẹ́nu mọ́ látọjọ́ yìí?"

Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì ròyìn ọkọ̀ yìnyín náà fún un. Ó bi mí bóyá fóòmù ló wà nínú ìjókòó rẹ̀. Mo ní irun ẹṣin ni. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Kí fóòmù tó gbòde, irun èèpo àgbọn ni Bàbá Oníkúṣìn ń fi kún àga, ó sì kọ̀, kò jẹ́ ká kọ́ èyí tó rọrùn ká tó mọ èyí tó le.

"Fíríìdọ̀mù kì í ṣe káàdì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù," ó ní. "Ṣe ìjókòó náà. Ní báyìí, iṣẹ́ tèmi ni. Ọwọ́ rẹ ló ń bá mi ṣe é. Tí o bá parí, pè mí kí n gbọ́ ọ."

"Kí ẹ gbọ́ ọ, sà?"

"Ojú mi ti lọ, Pẹ̀lẹ́. Etí mi ò lọ síbì kankan."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo máa ń wọ gáréèjì Mísítà Jonas lẹ́yìn iṣẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwa méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun á máa fi bébà oníyanrìn mú kí irin dán sí i, èmi á máa tú ìjókòó. Aṣọ òkè rẹ̀ ti jẹrà, àmọ́ irun ẹṣin inú rẹ̀ ṣì dára. Ó kàn rọ̀ pẹ̀tẹ̀ ni, ó sì kún fún ìyẹ́ adìyẹ àti eruku. Mo kó o lọ sílé lọ fọ̀. Omi gbígbóná ló máa ń jẹ́ kó tún ká kọ́rọ́kọ́rọ́.

Ọjọ́ Àìkú kan ni, mo ti gbé e kaná nínú ìkòkò ńlá mi. Ìyá Tóbi yà wá kí mi láti ṣọ́ọ̀ṣì, sùtánà funfun rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ kóòtù. Ó wọ ilé ìdáná tààrà, ó ní òórùn kí leléyìí, ó sì ṣí ìkòkò.

"Jésù! Irun!"

"Irun ẹṣin ni."

"Irun ẹṣin ńkọ́? Ta ló ń se irun ẹṣin lọ́jọ́ Ìsinmi?" Ó ti sá dé ẹnu ọ̀nà, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. "Ìwọ obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yìí, ṣé kí n pe wòlíì fún ẹ ni?"

"Ìjókòó ọkọ̀ Mísítà Jonas ni. Ọṣẹ ni mo fi ń fọ̀ ọ́."

"Ọṣẹ wo?"

"Ọṣẹ abọ́."

Ó rọra padà wá, ó fi ọmọrogùn rò ó, ó wo ọmọrogùn náà dáadáa, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò ní jẹun nílé mi títí Ọdún Tuntun. Ó jẹun kó tó lọ.

Ọjà East Street ni mo ti ra àrán tí mo fi bò ó. Mo yí i padà, mo fi àtàńpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀, mo fà á ní ìbú àti ní òòró. Ọkùnrin tó ń ta aṣọ náà ń wò mí. Ó sọ èyí tí mo mú kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fa òmíràn jáde lábẹ́ tábìlì. "Èyí ni ẹ̀ ń wá," ó ní. Òun gan-an ni. Pupa tó ṣókùnkùn ni, ó nípọn. Inú mi dùn dé ilé, n kò sì mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún, mo bá sọ fún Mísítà Jonas.

Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọkọ̀ akẹ́rù lọ, mo parí ìjókòó náà. Ó gún régé. Mísítà Jonas jókòó sórí rẹ̀, ó jó ìdí díẹ̀, ó ní ó dáa ju bó ṣe wà nígbà tóun wà lọ́mọdé. Mo pe ọ̀gá mi. Bísí gbé fóònù sí i létí, èmi gbé tèmi sórí ìjókòó.

"Gbá a láàárín," ọ̀gá mi ní.

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a.

"Gbá a létí."

Mo gbá a.

"Létí kejì."

Mo gbá a. Mo ń gbọ́ àkùkọ kan tó ń kọ ní Ìjẹ̀bú-Òde.

"Àárín ń dáhùn," ó ní. "Etí ò dáhùn. Ó ṣófo. Tú u."

"Ọ̀gá, ọkọ̀ tó máa gbé e ń lọ ní Ọjọ́bọ̀."

"Mi ò bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Tú u." Ó sì ní kí Bísí pa fóònù.

Inú bí mi, nítorí pé mo mọ̀. Mo ti mọ̀ nígbà tí mò ń rán an. Etí ìjókòó ni iṣẹ́ náà ti le jù. Èèyàn ní láti ki irun síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó fi abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ rán an yí po lẹ́ẹ̀kan, kó tún rán an lẹ́ẹ̀kejì, títí á fi le bí eegun. Mo rán an lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rò pé àrán máa bò ó.

Mo sọ ohun tí ọ̀gá wí fún Mísítà Jonas. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Àárín ni ìyá mi máa jókòó sí," ó ní. "Kò ní jókòó sétí."

"Mo mọ̀, sà."

"Tí ọkọ̀ yẹn bá lọ, kò sí òmíràn títí Kérésì á fi kọjá. Ìyá mi ò mọ̀ bóyá òun máa rí Kérésì míì."

"Mo mọ̀."

"Kò sí ẹni tó máa mọ̀ nípa etí rẹ̀."

Òtítọ́ ló sọ. Mo lè pe ọ̀gá mi lọ́jọ́ mìíràn kí n gbá àga ẹlòmíràn fún un. Mo lè jẹ́ kí ọkọ̀ náà máa lọ, kí n sì gbàgbé fíríìdọ̀mù. Mo wo ìjókòó náà. Ó lẹ́wà lójú. Ẹni tó bá jókòó sí i dáadáa kò ní rí àléébù kankan, ṣùgbọ́n arúgbó kì í jókòó sáàárín lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń rí wọn lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́. Etí àga ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dì mú, etí náà ni wọ́n máa ń fi ìdí lé, kí wọ́n tó sún wọlé. Tí etí bá rọ̀ lábẹ́ wọn, wọ́n á ṣubú.

Mo sọ ìyẹn fún un. Mo fi ọwọ́ mi tẹ etí náà mọ́lẹ̀ kó rí bó ṣe wọlé. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ náà tẹ̀ ẹ́. Ó jáde kúrò nínú gáréèjì. Mo mú irin ìyọṣó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìṣó lápá ọ̀tún. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé padà, pẹ̀lú irin ìyọṣó tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ lápá òsì.

Ìyá Tóbi ló bá mi ṣe iṣẹ́ mi ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó kùn sí i gan-an. Ó ní òun ò mọ̀ pé nítorí ìdí ìyá arúgbó kan tóun ò rí rí lòun máa fi fọ aṣọ gbogbo Barking. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ó gbé pọ́fù-pọ́fù àti mọ́ọ̀tì wá sí gáréèjì. Ó ní bí wọ́n bá tún ní ká tú u, ká rí nǹkan jẹ lórí rẹ̀.

Mo pè. Mo gbá àárín. Mo gbá etí ọ̀tún, mo gbá tòsì. Ọ̀gá mi ní kí n tún gbá tòsì. Mo gbá a.

Mo gbọ́ tó ní, "Bísí, gbé mi dìde."

"Bàbá, ẹ jókòó ṣe é."

"Wọn kì í jókòó ṣe fíríìdọ̀mù. Gbé mi dìde."

A gbọ́ bí àga ṣe dún, a gbọ́ bó ṣe ń mí, a gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ó pẹ́. Ìyá Tóbi ti dẹ́kun jíjẹun.

"Ta ló dàgbà jù níbẹ̀?" ọ̀gá mi bi mí.

"Mísítà Jonas ni, sà. Òyìnbó ni."

"Ó lọ́wọ́, àbí kò lọ́wọ́? Ní kó gbé e lé ọ lórí."

Mo kúnlẹ̀ sínú èérún igi. Mo sọ fún Mísítà Jonas ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó sì gbé e lé mi lórí. Ọwọ́ náà wúwo. Ọ̀gá mi ní ọwọ́ mi kò ní gbẹ. Ó ní ìṣó tí mo bá kàn kò ní yọ. Ó ní ẹni tó bá jókòó lórí iṣẹ́ mi yóò dìde ní àlàáfíà. Ó ní iṣẹ́ tóun gbà lọ́wọ́ ọ̀gá òun, òun fi lé mi lọ́wọ́, kí n máa ṣe é níbikíbi, lójú ẹnikẹ́ni. Ìyá Tóbi ń ṣe àmín kíkankíkan bí ẹni wà nínú ìsọjí. Mísítà Jonas ń ṣe é lẹ́yìn rẹ̀, ní ohùn kékeré. N kò sunkún. Nígbà tí àdúrà parí, Ìyá Tóbi ló fà mí sókè.

Ọkọ̀ akẹ́rù dé ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Àwọn ọkùnrin méjì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bọ̀ wá lọ́wọ́, wọ́n yí ọkọ̀ yìnyín náà po. Ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sí ìjókòó kó fi gbé e. Ó dúró, ó sì fi èdè wọn béèrè nǹkan lọ́wọ́ Mísítà Jonas. Èmi ni Mísítà Jonas nawọ́ sí.

Ọkùnrin náà yíjú sí mi, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí, díẹ̀díẹ̀, pé ibo ni kí àwọn ti dì í mú.

Mo sún mọ́ ọn, mo sì fi ibẹ̀ hàn wọ́n.